Ta Ni Ó Sọ Ayé Náà Nù? Àgbéyẹ̀wò Fíìmù Ayé Tí Ó Sọnù

1. Ìfáárà

Bí a bá dárúkọ fíìmù tí ẹranko ńlá ayé àtijọ́ tí à ń pè ní dáínásọ̀ wà nínú rẹ̀, ohun tí púpọ̀ nínú àwa olùkọ́ máa ń sọ ni pé eré ọmọdé ni. A kì í kà á mọ́ ohun tí ó yẹ kí onílámèyítọ́ fi ojú sí. Ní èrò tiwa, èyí kò tọ̀nà. Ohun tí ó ti ń fa èrò wọ ilé sinimá láti ọdún 1925 kò lè ṣàì ní ìdí. Iṣẹ́ wa níhìn-ín ni láti wá ìdí náà, kí a sì tọ́ka sí àléébù kan tí kò yẹ kí a fi pamọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa.

Irú fíìmù tí a ní lọ́kàn ni èyí tí àwọn ènìyàn kan ti rìnrìn àjò lọ sí ibi tí ó fara sin, tí wọ́n sì bá ẹranko tí ayé rò pé ó ti kú run níbẹ̀. Arthur Conan Doyle ni ó kọ ìwé The Lost World ní 1912, èyí tí a lè túmọ̀ sí Ayé Tí Ó Sọnù. Harry O. Hoyt ni ó darí fíìmù rẹ̀ ní 1925.

2. Ṣé ẹranko náà ni ó ń fà wá?

Kò sí àní-àní pé ẹranko náà ní ipa tirẹ̀. Ère kékeré tí a fi rọ́bà àti irin ṣe ni Willis O'Brien lò nínú The Lost World àti nínú King Kong ti 1933. Wọn a sún ẹsẹ̀ ère náà díẹ̀, wọn a ya àwòrán kan. Wọn a tún sún un, wọn a tún yà á. Nínú King Kong, irú àwòrán bẹ́ẹ̀ 24 ni ó ń kọjá lójú wa ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Sùúrù ni baba ìwà lóòótọ́.

Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé títóbi ẹranko nìkan ni, erin inú ọgbà ẹranko ìbá tó wa í wò. Ẹ jẹ́ kí a wo Jurassic Park tí Steven Spielberg darí ní 1993. Fíìmù náà gùn ju wákàtí méjì lọ, síbẹ̀ nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 péré ni dáínásọ̀ fi hàn nínú rẹ̀. Kí ni a wá ń wò ní ìyókù? Omi inú ife tí ó ń mì kí ẹranko tó yọ ni à ń wò, àti ọgbà iná mànàmáná tí kò ní iná mọ́. Ní kúkúrú, ààlà ni à ń wò.

3. Ààlà àti ohun tí a mú kọjá rẹ̀

Bí a bá yẹ àwọn fíìmù wọ̀nyí wò, a ó rí i pé kò sí èyí tí kò ní ààlà. Òkè tí ẹgbẹ́ rẹ̀ dúró ṣánṣán ni ti The Lost World. Odi gíga tí ó ní ìlẹ̀kùn ńlá ni ti King Kong. Àlàfo tóóró láàárín àpáta ni ti The Valley of Gwangi (1969). Ihò abẹ́ omi tí ọkọ̀ ogun abẹ́ omi gbà kọjá ni ti The Land That Time Forgot (1975). Ó ti tó ọdún mílíọ̀nù 66 tí dáínásọ̀ ti pa rẹ́, bí a bá yọ ẹyẹ tí ó jẹ́ ìran wọn sílẹ̀. Kò sí ènìyàn tí ó fojú rí wọn rí. Fíìmù náà wá sọ gbogbo ọdún wọ̀nyí di ìṣísẹ̀ kan ṣoṣo. Adùn rẹ̀ nìyẹn.

Ibi tí ààlà bá wà, èèwọ̀ ń bẹ níbẹ̀. Nínú The Valley of Gwangi, ìyá arúgbó kan kìlọ̀ pé kí a má ṣe mú ohunkóhun jáde láti àfonífojì náà. Wọn kò gbọ́. Wọ́n mú Gwangi wá ṣe ìran wò, ó já, iná sì pa á nínú ilé ìjọsìn. Wọ́n mú Kong lọ sí New York láti fi pa owó, ọkọ̀ òfurufú ni ó yìnbọn pa á. Ẹranko tí wọ́n gbé dé London ní 1925 wó afárá lórí odò Thames. Nínú The Lost World: Jurassic Park ti 1997, San Diego ni wọ́n gbé tiwọn lọ, ìparun náà ni ó sì tẹ̀lé e.

Èyí mú wa rántí ìrìn àjò Òkè Lángbòdó nínú ìwé Fágúnwà, Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ (1938). Àwọn ọdẹ náà kọjá ààlà, wọ́n sì rí èèmọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ Ìrágbèje ni ó ṣe pàtàkì jù nínú ohun tí wọ́n bá bọ̀. Àkàrà-oògùn sọ ìtàn náà, akọ̀wé sì kọ ọ́ sílẹ̀. Èyí ni a fi gbóríyìn fún The Land That Time Forgot ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Kò sí ẹni tí ó mú ẹranko wálé níbẹ̀. Epo ni àwọn ará Jámánì àti àwọn ọ̀tá wọn jọ ń wá kí wọ́n lè padà sílé. Nígbẹ̀yìn, ọkùnrin tí ó kù lẹ́yìn kọ ìtàn rẹ̀, ó sì jù ú sínú òkun nínú ìgò. Ìtàn nìkan ni ó dé ilé.

4. Àléébù wọn

Ẹ jẹ́ kí a padà sí orúkọ náà. Bí ayé kan bá sọnù, ta ni ó sọ ọ́ nù? Ènìyàn ń gbé ní erékùṣù Kong. Àwọn ni wọ́n ń tọ́jú ìlẹ̀kùn odi náà. Àwọn ni wọ́n mọ ohun tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Síbẹ̀, ẹhànnà ni fíìmù náà fi wọ́n pè. Noble Johnson, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú, ni ó ṣe olórí wọn, ṣùgbọ́n a kò fún un ní ọ̀rọ̀ tí yóò yé òǹwòran. Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran: ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni ó ń sọ ìtàn, onílé dákẹ́. Ní tiwa, àléébù yìí burú ju ti ère tí kò rìn dáadáa lọ.

5. Ìkádìí

Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ àròkọ lórí irú fíìmù báyìí, kí olùyẹ̀wò má ṣe yára fa igi lé e. Ìbéèrè mẹ́ta ni kí a fi wọn iṣẹ́ rẹ̀. Ǹjẹ́ ó rí ààlà inú ìtàn náà? Ǹjẹ́ ó sọ ẹni tí ó rú u àti ohun tí ó mú bọ̀? Ǹjẹ́ ó béèrè bóyá onílé sọ̀rọ̀? Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ṣe lámèyítọ́, máàkì sì tọ́ sí i.