Wákàtí Méjì-Méjì

Nínú gbogbo iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, yíyí aláìsàn padà lórí bẹ́ẹ̀dì ni mo fẹ́ràn jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó ń tìtorí ẹ̀ yìn wá. Ẹni tí rọpárọsẹ̀ dá dùbúlẹ̀ kò lè yí ara rẹ̀. Bó bá pẹ́ lójú kan, egungun á tẹ ẹran ara mọ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀jẹ̀ ò ní rọ́nà kọjá, egbò á sì dá sí ìdí, gìgísẹ̀ tàbí ìgbáròkó.

Ìwé tí wọ́n fi kọ́ wa ní ká máa wo ibi tó bá pọ́n. Ara òyìnbó ni wọ́n wò kọ ọ́. Lára tiwa, pípọ́n kì í hàn bọ̀rọ̀. Ẹ̀yìn ọwọ́ la fi ń wá a: ibi tó gbóná ju àyíká rẹ̀ lọ, tó le, tàbí tó ṣú ju ti àná lọ. Ẹni méjì la fi ń yí aláìsàn. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì la fi ń gbé e, a kì í wọ́ ọ, torí wíwọ́ a máa bó awọ.

Òfin wọ́ọ̀dù ni pé ká ṣe é ní wákàtí méjì-méjì, ká sì fọwọ́ sí ìwé. Àwọn kan ní irú òfin báyìí ń sọ nọ́ọ̀sì di ẹ̀rọ. Èmi ò gbà. Àánú tèmi a máa sùn. Màmá tó ń ṣàdúrà fún mi, ẹsẹ̀ mi á gbé mi dé ọ̀dọ̀ wọn láìsí òfin kankan. Bàbá tó bú mi tìyátìyá láàárọ̀ ńkọ́? Ìwé yẹn ò mọ̀ pé wọ́n bú mi. Bí àkókò bá ti tó, ọwọ́ mi ti wà lábẹ́ èjìká wọn: “Ẹ pẹ̀lẹ́, bàbá, apá ọ̀tún la fẹ́ kọjú yín sí.” Nígbà mìíràn, ẹnu mi á ti sọ ọ́ kí ọkàn mi tó dé.

Àṣà burúkú náà wà o. Ìgbà kan wà tí ilé ìwòsàn á ní kí ẹni tí ìbọn bà mú ìwé ọlọ́pàá wá kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Òfin ọdún 2017 ní Nàìjíríà ló ní ká tọ́jú rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ìwé wà, ìwé ò sí, owó wà, owó ò sí. Ká wá fi tó ọlọ́pàá létí láàárín wákàtí méjì tí ìtọ́jú bá ti bẹ̀rẹ̀. Ìbẹ̀rù ló dì í, òfin ló tú u.

Ohun tó ń dùn mí ni pé ìwé wọ́ọ̀dù kì í bá aláìsàn délé. Nítorí náà, kí wọ́n tó lọ, mo máa ń pe ọmọ tàbí ìyàwó wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kí òun náà yí i lójú mi, kó sì fi fóònù rẹ̀ ṣe aago tí yóò máa pè é. Wọ́n á ní, “Nọ́ọ̀sì, lóru náà?” Màá ní, “Lóru náà. Ẹ pín in mọ́ ara yín lọ́wọ́.”