Ẹni tó Ń Ṣe àti Ẹni tó Ń Ké: Ọ̀rọ̀ Gíríìkì 'Poiesis' àti Ipò Akéwì Alohùn

Nínú iṣẹ́ lámèyítọ́, a sábà máa ń gbé akéwì alohùn sórí òṣùwọ̀n kan: kí ni òun fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀? Bí a kò bá rí ohun tuntun, a ó ní ọ̀rọ̀ àwọn baba ló tún sọ. Nínú iṣẹ́ yìí, a fẹ́ fi ìtàn ọ̀rọ̀ Gíríìkì mélòó kan yẹ òṣùwọ̀n náà wò.

Ní èdè Gíríìkì, poiein ni 'láti ṣe', poiesis ni ìṣe, poietes sì ni ẹni tó ṣe nǹkan. Èdè Látìn yá a lò gẹ́gẹ́ bíi poeta, kó tó dé inú Gẹ̀ẹ́sì. Poiein kò mọ sórí ewì. Òun ni Homer lò nínú Iliad nígbà tí Hephaestus, alágbẹ̀dẹ àwọn òrìṣà, ń rọ asà Achilles. Nínú Symposium, Plato fi yé wa pé ohunkóhun tó bá mú ohun tí kò sí di ohun tó wà ni poiesis, àmọ́ àwọn oníṣẹ́ orin àti ìwọ̀n ohùn nìkan ni orúkọ poietes mọ́ lára.

Ṣùgbọ́n nínú Odyssey, Homer kò pe Demodocus àti Phemius ní poietes. Aoidos ló pè wọ́n, ìyẹn akọrin. Herodotus, ní sẹ́ńtúrì karùn-ún ṣáájú ìbí Jésù, ló wá ka Homer fúnra rẹ̀ mọ́ àwọn poietes. A rí i pé lọ́dọ̀ àwọn Gíríìkì pàápàá, orúkọ tó ti ara ohùn wá ti wà fún akéwì kí ti 'aṣenǹkan' tó gbòde.

Yorùbá náà wo ohùn: a ń ké ewì, a ń sun rárà, a ń ki oríkì. Àmọ́ nígbà tí a ń pín ewì fún ẹ̀kọ́, a pe ọ̀kan ní alohùn, a pe èkejì ní àpilẹ̀kọ. Orúkọ ń roni. 'Pilẹ̀' yẹn ti gbé ìdásílẹ̀ lé oníkálàmù lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀, ojú agbo ni onírárà ti ń to oríkì àwọn tó bá níbẹ̀ pọ̀. Òǹkọ̀wé náà sì ń yá òwe àti oríkì lò.

Èrò wa ni pé kí a máa bi ewì méjèèjì léèrè ohun kan náà: báwo ni a ṣe tò ó? Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá gba ohùn onírárà sílẹ̀, kó kọ orúkọ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ni ewì, kì í ṣe abẹ́nà ìmọ̀ lásán.