Ohun Tí Bíárìn Wí

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ mẹkáníìkì nílùú Ọ̀fà ní kọ́bọ̀ kan tí kì í ná. Kọ́bọ̀ gidi ni, irú èyí tó jáde ní 1973 nígbà tí náírà gba ipò pọ́n-ùn. Aṣọ funfun ló fi ń wé e sínú àpótí sípánà, ọmọṣẹ́ kankan ò sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án láìtọrọ. Àwọn oníbàárà kan máa ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé oògùn ni. Irinṣẹ́ ni. Láti ìgbà tí mo ti gba fúríìdọ̀mù, mo ti lo irinṣẹ́ tó wọ́n ju ọ̀kadà lọ, ṣùgbọ́n n kò tíì rí èyí tó yọ oníbàárà nínú gbèsè tó kọ́bọ̀ yẹn.

Ọkọ̀ oní-tọ́bò kan tí wọ́n wọ́ wá sí ìsọ̀ mi láìpẹ́ yìí ló mú un sọ sí mi lọ́kàn. Láti Àjàṣẹ́-Ìpo ni iná ọ́ìlì pupa ti tàn, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ni ín sì ń wà á bọ̀ bẹ́ẹ̀ títí ẹ́ńjìnnì fi bẹ̀rẹ̀ sí í kan gbọ̀n-gbọ̀n-gbọ̀n. Níbi tó kọ́kọ́ gbé e lọ, wọ́n ní kó lọ ra ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀, kó ra tọ́bò tòkunbọ̀ mọ́ ọn. Ẹni tó bá ti dé Ládípọ̀ ní Múṣin láti oṣù kẹfà 2023 tí náírà ti já wálẹ̀ mọ iye tí wọ́n ń pe ẹ́ńjìnnì báyìí. Tíṣà ni ọmọ yìí. Owó ọwọ́ rẹ̀ kò ra ìdajì ọ̀kan nínú méjèèjì.

Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá tọ́bò tí ò wọ́n." Mo ní kó jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó pa èyí tó wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀gá mi nìyẹn. Tọ́bò kì í ṣàdédé kú. Èéfín gbígbóná tó ń jáde lẹ́ńjìnnì ló ń yí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ inú rẹ̀, ó lè yí ju ìgbà 100,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan, orí ọ́ìlì ló sì ń léfòó sí. Ọ́ìlì kan náà ló ń bọ́ bíárìn, àwọn abala irin tí kiráńkì, ọ̀pá ńlá inú ẹ́ńjìnnì, ń yí láàárín wọn. Ohun tó bá jẹ ọ̀kan ti kan èkejì. Bí a bá so tọ́bò tuntun mọ́ ẹ́ńjìnnì tí a kò tíì mọ àrùn rẹ̀, owó la sọ sínú iná.

Mi ò ní sọ bí a ṣe ń sọ sọ́ǹpù, àwo ọ́ìlì abẹ́ ẹ́ńjìnnì, kalẹ̀ tàbí bí a ṣe ń tú kọ́nrọ́ọ̀dù, apá irin tó so písítìn mọ́ kiráńkì. Ẹni tó wà nídìí iṣẹ́ mọ̀ ọ́n. Ibi tí ọ̀pọ̀ ń sáré kọjá ni mo fẹ́ dúró sí. Bí bíárìn bá ti jáde, ọ̀gá mi kì í jẹ́ ká kó wọn dà pọ̀ sínú agolo. Yóò tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì, yóò tò wọ́n bí wọ́n ṣe jókòó sínú ẹ́ńjìnnì láti sílíńdà kìíní, abala òkè lókè, abala ìsàlẹ̀ nísàlẹ̀. Yóò rọra fi kẹrosíìnì ṣàn wọ́n. Oòrùn àárọ̀ ló fi ń wò wọ́n, torí pé ẹ̀gbẹ́ ni ìmọ́lẹ̀ ti ń wá nígbà yẹn, ó sì ń fi gbogbo ojú ọgbẹ́ hàn. Oòrùn ọ̀sán ń mú kí gbogbo irin dán bákan náà. Yóò wá bi wá pé, "Kí ni bíárìn wí?" Ẹni tó bá yára dáhùn, yóò ní kó lọ pọn omi, kó padà wá tún un wò. Bí rélùwéè bá ń kọjá lọ́wọ́, yóò dákẹ́, yóò fi ìka méjì mú bíárìn kan dání títí ariwo yóò fi lọ. Ọmọ Ọ̀fà ni, ó sì ja ìjàkadì dáadáa nígbà èwe rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò rí i kó bá ẹ́ńjìnnì jà rí.

Bíárìn tó ṣì wà láàyè, àwọ̀ eérú ni, kì í dán. Abẹ́ eérú yẹn ni bàbà wà nínú ọ̀pọ̀ wọn, irin wà lábẹ́ bàbà. Awọ òkè yẹn fẹ́lẹ́ ju irun orí lọ. Bí bàbà bá ti yọjú, awọ ti tán. Ṣùgbọ́n ibi tó ti yọjú ni ọ̀rọ̀ wà. Bó bá jẹ́ abala òkè ti kọ́nrọ́ọ̀dù nìkan ló jẹ, tí ti ìsàlẹ̀ ò ṣe nǹkan kan, ìtẹ̀ láti òkè ló pọ̀ jù: bóyá tọ́bò ń fẹ́ atẹ́gùn kọjá bó ṣe yẹ, bóyá epo ń bú kí àsìkò tó tó. Bó bá jẹ́ etí kan ló jẹ, kọ́nrọ́ọ̀dù ti wọ́. Bí ilà wẹ́wẹ́ bá gba ojú rẹ̀ kọjá, iyanrìn ti gba ibẹ̀. Fílítà ni kí ẹ lọ wò. Bí gbogbo wọn bá jẹ pa pọ̀, tòkè tìsàlẹ̀, tí ooru ti sọ ẹ̀yìn wọn di dúdú, òùngbẹ ọ́ìlì ló pa wọ́n.

Òùngbẹ ló pa ti tíṣà. Nígbà tí a wo asẹ́ tó ń fa ọ́ìlì nínú sọ́ǹpù, ẹrẹ̀ dúdú ti dí i, gọ́ọ̀mù tí ẹnì kan fi yàlàyàlà lẹ sọ́ǹpù nígbà kan rí sì ti já wọ ibẹ̀. Àrùn yìí kì í ṣe tiwa nìkan. Ní Amẹ́ríkà, ẹrẹ̀ ọ́ìlì bá Passat 1.8 oní-tọ́bò ti 1998 sí 2004 àti irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ nínú Audi A4 fínra débi pé ilé iṣẹ́ tó ṣe wọ́n fa wáráńtì wọn gùn dé ọdún 8 fún ẹni tó bá lè fi ẹ̀rí hàn pé òun ń pààrọ̀ ọ́ìlì lásìkò. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ló ń gba Kùtọnu wọlé tọ̀ wá wá, àwa tún ń da ọ́ìlì dúrọ́ọ̀mù sí i.

Ibi tí kọ́bọ̀ ti wúlò nìyí. Ojú kiráńkì, níbi tí bíárìn ti ń gbá a mú, lè dán lójú kó má dán lọ́wọ́. Èékánná ni a óò kọ́kọ́ fi wọ́ ọ. Bí ó bá há síbì kan, kò sí àríyànjiyàn mọ́, kiráńkì ń lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń lọ̀ ọ́. Bí kò bá há, ẹ mú kọ́bọ̀, ẹ fi etí rẹ̀ wọ́ ojú kiráńkì láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì, lẹ́ẹ̀kan. Bí bàbà bá fi àmì sílẹ̀ lára irin, ó ṣì rí ṣákiṣàki, yóò jẹ bíárìn tuntun. Ẹ lọ̀ ọ́ wọlé ní 0.25 milimítà, kí ẹ ra bíárìn tó nípọn sí i láti bá a mu. Bí kò bá fi àmì sílẹ̀, ẹ dán an, bíárìn tí ìwọ̀n rẹ̀ kò yí padà ti tó. Owó ńlá ló wà láàárín ìdáhùn méjèèjì.

Bí ọwọ́ ṣe wúwo tó ni ó pẹ́ kí n tó mọ̀. Ọ̀gá máa ń gbé ọwọ́ tirẹ̀ lé tèmi, yóò dijú, yóò ní kí n gbọ́ ọ: kiráńkì tó dára kì í sọ̀rọ̀, èyí tí nǹkan ti ha máa ń hó lábẹ́ kọ́bọ̀. Kò sì gba kọ́bọ̀ ti 1991. Irin ni wọ́n fi ṣe ìyẹn, bàbà kàn jẹ́ awọ lára rẹ̀. Ti 1973 jẹ́ bàbà dénú, kò lè ha kiráńkì. Tèmi, ọwọ́ ìyá àgbà kan lọ́jà Owódé ni mo ti rí i, nínú àpò tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un.

Kọ́bọ̀ wọ́ ojú kiráńkì tíṣà, kò fi àmì sílẹ̀. Mo bọ́ sídìí tọ́bò. Ọ̀pá rẹ̀ ń mì díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìyẹn kò burú. Ṣùgbọ́n ó ń rìn wọlé rìn jáde, ìyẹn ti kọjá ààlà. Mo sàmì sí ọ̀pá, sí abẹ̀bẹ̀ àti nọ́ọ̀tì rẹ̀ kí n tó tú wọn, kí ìwọ̀n wọn má baà yẹ̀ nígbà tí mo bá dá wọn padà. Kíìtì bíárìn rẹ̀ àti páìpù ọ́ìlì tuntun la rà, torí èédú ti dí ti àtijọ́. A fọ asẹ́, a fi bíárìn tuntun sí kiráńkì. Owó ọwọ́ tíṣà tó o.

Inú ń bí mi sí àwọn tó ń gé páànù mílíìkì sábẹ́ bíárìn tó ti jẹ, tí wọ́n ń da ọ́ìlì kíki sí i kí ẹ́ńjìnnì lè dákẹ́ títí oníbàárà yóò fi sanwó. Wọ́n ń pè é ní ìrànlọ́wọ́ fún tálákà. Ọ̀nà jíjìn ló ń pa tálákà yẹn sí, òun àti ẹrù rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọkọ̀ oní-tọ́bò, bí iná ọ́ìlì pupa bá tàn, ẹ pa á níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n wọ́ ọ wálé. Bí wọ́n bá sì ní tọ́bò ti kú, ẹ má tíì kówó sílẹ̀. Ẹ ní kí mẹkáníìkì yín to àwọn bíárìn àtijọ́ sórí aṣọ funfun níwájú yín, tòkè tìsàlẹ̀, kó sì sọ ohun tó pa wọ́n fún yín. Bí kò bá lè sọ ọ́, ẹ gbé ọkọ̀ yín lọ síbòmíì.