Ọ̀rọ̀ náà Gentil àti Eré Molière: Àríwísí Lórí Ìtumọ̀ Nínú Kíláàsì

Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá rí gentil nínú ìwé Faransé òde òní yóò ní onínúure ni, tàbí ẹni jẹ́jẹ́. Kò ṣì í. Ṣùgbọ́n bí ó bá gbé ìtumọ̀ yìí lọ sídìí eré Molière ti ọdún 1670, Le Bourgeois gentilhomme, eré náà ti bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ láti orí àkọlé.

Èdè Látìn ni ọ̀rọ̀ náà ti wá. Gens ni ìdílé. Gentilis ni ẹni tó jẹ́ ti ìdílé náà, tó sì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Nígbà tó fi dé inú Faransé àtijọ́, ìdílé ọlọ́lá ló ń tọ́ka sí. Gẹ̀ẹ́sì yá a, ó di gentle; ó tún padà lọ yá a, ó di genteel. Lọ́wọ́ àwọn Kristẹni tó ń kọ Látìn, ó di ẹni tí kì í ṣe Júù, èyí tí Bíbélì Yorùbá pè ní Kèfèrí. Orísun kan náà ló bí ọlọ́lá àti kèfèrí!

Ọmọ oníṣòwò ni Ọ̀gbẹ́ni Jourdain, owó sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó háyà olùkọ́ orin, ti ijó, ti idà àti ti ìmọ̀ ìjìnlẹ̀, kó lè di gentilhomme. Àwọn àgbà wa ní bíbíire ò ṣé fowó rà. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀rín eré náà wà. Nígbà tí Covielle fẹ́ tàn án, ó ní bàbá rẹ̀ kò ta aṣọ rí: ó kàn mọ aṣọ yàn ni, ó ń kó o jọ sílé, ó sì ń fi ta àwọn ọ̀rẹ́ lọ́rẹ, kí wọ́n ṣáà ti fún un lówó. Inú Jourdain dùn dẹ́yìn.

Èmi yóò pe eré náà ní Bọ̀rọ̀kìnní Tó Fẹ́ Di Ọmọ Bíbíire. Owó àti afẹ́ ló ń sọni di bọ̀rọ̀kìnní. Ìran ni ti bíbíire. "Ọkùnrin jẹ́jẹ́" tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń kọ fún mi kò ní ìjà kankan nínú.

Àmọ́ àbá mi náà ní ibi tó ti kọsẹ̀. Cléonte, tó fẹ́ fi ọmọ Jourdain ṣaya, gbọ́ ìbéèrè pé ṣé gentilhomme ni òun. Ó ti ṣe iṣẹ́ ológun fún ọdún 6, ó sì lè purọ́ bí àwọn ẹlòmíràn ti ń purọ́. Kò purọ́, ó ní òun kì í ṣe ọ̀kan, ó sì pàdánù ìyàwó lójú ẹsẹ̀. Bí a bá kọ "èmi kì í ṣe ọmọ bíbíire" sí i lẹ́nu, èébú ló fi bu ara rẹ̀, níbi tí ìwà rẹ̀ ti dára jù lọ. Níbẹ̀, "n kì í ṣe ọmọ ìdílé ọlọ́lá" ni mo máa kọ, kódà bí kò bá bá àkọlé mu.