Àléébù Inú Tíọ́rì Átọ́ọ̀mù John Dalton

Inú ìwé A New System of Chemical Philosophy, tí apá kìíní rẹ̀ jáde ní 1808, ni John Dalton ti ṣàlàyé tíọ́rì átọ́ọ̀mù rẹ̀. Àwọn onímọ̀ Gíríìkì ti sọ̀rọ̀ átọ́ọ̀mù tipẹ́. Ìwọ̀n tí Dalton fún un ló sọ ọ́ di ohun tó ṣeé dán wò. Àléébù ibẹ̀ ni pé ó gbà, láìsí ẹ̀rí, pé átọ́ọ̀mù háídírójìn kan àti ọ́síjìn kan ló para pọ̀ di omi. Bí háídírójìn bá jẹ́ 1, ó ní ọ́síjìn jẹ́ 7. Bí ìdíwọ̀n rẹ̀ tilẹ̀ pé, 8 ni ì bá rí, kì í ṣe 16. Àlàyé Avogadro ní 1811, tí Cannizzaro sọ jí ní 1858, ló yanjú ọ̀rọ̀ náà. Ó yẹ kí olùkọ́ ya ohun tí Dalton wọ̀n sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí ó kàn gbà bẹ́ẹ̀.