Àwọn Ọmọ Ifẹ̀ Tó Ń Bá Wa Wáṣẹ́

Kó tó di ọdún 2009, ẹni tó bá ń wáṣẹ́ ní Sábó, Ilé-Ifẹ̀, mọ ọjọ́ tó yẹ kó tètè jí lọ sọ́dọ̀ oníwèé ìròyìn: ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀. Ọjọ́ wọ̀nyẹn ni The Guardian máa ń kó ìpolówó iṣẹ́ jáde. Ẹni tí kò lówó ìwé lọ́wọ́ á dúró kà á lọ́fẹ̀ẹ́, á da àdírẹ́sì kọ, á sáré lọ tẹ CV. Kí lẹ́tà rẹ̀ tó dé Èkó, wọ́n lè ti gba ẹlòmíì.

Lọ́dún 2009 yẹn náà ni ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, daṣẹ́ sílẹ̀ fún oṣù bíi mẹ́rin. Ẹ̀kọ́ dúró, ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ kò dúró. Ọpẹ́yẹmí Awóyẹmí, Ọlálékan Olúdé àti Ayọ̀dèjì Adéwùnmí tó ń kọ́ṣẹ́ dókítà ló dá Jobberman sílẹ̀, ìkànnì tí wọ́n ti ń wáṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Lọ́dún 2011, Tiger Global, ilé iṣẹ́ olùdókòwò láti Amẹ́ríkà, fowó sí i. Ìtàn owó yìí ni àwọn èèyàn máa ń sọ jù. Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ló wú mi lórí.

Ẹ wo ìpolówó kan lórí ìkànnì náà dáadáa. Nínú ìwé ìròyìn, ilé iṣẹ́ á kọ́kọ́ yin ara rẹ̀ títí, ìsàlẹ̀ pátápátá lo ti máa rí i pé ọdún mẹ́wàá ni wọ́n fẹ́ kó o ti fi ṣe irú iṣẹ́ náà. Lórí Jobberman, orúkọ iṣẹ́, ẹni tó ń gbani àti ìlú tó wà ló ṣáájú. Lẹ́yìn náà ni ìwé ẹ̀rí tó kéré jù tí wọ́n máa gbà, àti iye ọdún ìrírí. Ohun tó lè dá ẹ padà ni wọ́n tètè gbé síwájú rẹ, kó o má baà fi data àti ìrètí ṣòfò. Ẹni tó ti wáṣẹ́ rí, tàbí tó mọ̀ pé òun náà máa tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá a, ló lè ro irú ètò báyìí. O lè ní kó kó iṣẹ́ ìlú kan ṣoṣo jáde fún ẹ, tàbí ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé ìwé. Wọ́n tún kọ ìkìlọ̀ sí i pé kó o má sanwó fún ẹnikẹ́ni láìkọ́kọ́ bi àwọn léèrè, nítorí àwọn tó ń ta fọ́ọ̀mù iṣẹ́ tí kò sí níbì kankan. Mo fẹ́ràn ìkìlọ̀ yẹn ju gbogbo ìyókù lọ.

Apá tó le jù kò hàn sójú. Bí ọjà ni: àtẹ tó ṣófo, oníbàárà kì í yà síbẹ̀, ibi tí oníbàárà kì í yà, ta ló máa pàtẹ síbẹ̀? Agbanisíṣẹ́ àti ẹni tó ń wáṣẹ́ gbọ́dọ̀ jọ pé síbẹ̀. Wọ́n jẹ́ kó jẹ́ ọ̀fẹ́ fún ẹni tó ń wáṣẹ́, wọ́n sì ń gbowó lọ́wọ́ ilé iṣẹ́. Ìpinnu tó mọ́gbọ́n dání nìyẹn.

Kí wá ni yunifásítì ṣe níbẹ̀? Ó ṣe ju bí a ṣe rò lọ. Láàárín ọdún 1990 sí 2000, nígbà tí ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ wa kò tíì rí íntánẹ́ẹ̀tì sójú, Ifẹ̀ ti ń fa ti ara rẹ̀ wọ ọgbà pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ ICTP, ilé ẹ̀kọ́ físíìsì tó wà ní Trieste, Ítálì. Nígbà tó fi máa di 2009, kọ̀ǹpútà kì í ṣe àjèjì sí akẹ́kọ̀ọ́ Ifẹ̀ mọ́. Ọgbà kan náà ló tún kó akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn àti ọmọ tó mọ kọ̀ǹpútà pọ̀. Jobberman nìkan kọ́: ẹ̀rọ POS Moniepoint tí wọ́n fi ń gbowó lọ́jà káàkiri lónìí, Tósìn Ẹniọlọ́rundá tó wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀ kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ nínú ọgbà yìí kan náà.

Láti ọdún 2006 ni ìjọba àpapọ̀ ti pàṣẹ pé kí gbogbo yunifásítì kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ níṣẹ́ òwò. Ifẹ̀ tún ní OAK-Park, ọgbà ìmọ̀ ẹ̀rọ tó jáde láti ara ètò Báǹkì Àgbáyé tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2014. Ó dára. Àmọ́ ìdánwò inú gbọ̀ngàn kò lè kọ́ ẹnikẹ́ni ní ohun tó yẹ kó ṣáájú nínú ìpolówó iṣẹ́.

Ẹ̀yin aláṣẹ yunifásítì, ẹ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín ní yàrá, iná àti íntánẹ́ẹ̀tì, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí ọmọ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kan jókòó ti ọmọ ẹ̀ka míì. Ẹ̀yin oníṣòwò Sábó, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá gbé ohun tó ṣe wá sí ìsọ̀ yín, ẹ dákun, ẹ lò ó wò, kẹ́ ẹ sì sọ ibi tó kù sí fún un.