Akọni Méjì Ọdún 2008

Ní ọdún 2008, nígbà tí ilé-iṣẹ́ Nikon gbé kámẹ́rà D700 jáde ní oṣù keje, tí Canon sì fi 5D Mark II dá a lóhùn ní oṣù kẹsàn-án, àwa tí a fẹ́ràn iṣẹ́ àwòrán rí i pé akọni méjì ti wọ agbo. Ọmọ ilẹ̀ Japan ni àwọn méjèèjì. Ojú tí wọ́n sì fi ń gba ìmọ́lẹ̀ tó ìwọ̀n fíìmù àtijọ́, mìlímítà 36 ní gígùn àti 24 ní ìbú.

D700, aríran-lóru-bí-ọ̀sán, mílíọ̀nù píksẹ́lì 12 ni ó ní, ṣùgbọ́n ibi ìfojúsùn 51 ni ó fi ń dọdẹ ohun tí ó ń yà, àwòrán 5 ni ó sì ń yà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan; bí ẹṣin ń sáré, bí eégún ń jó, kò ní bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. 5D Mark II kò yára tó bẹ́ẹ̀, ibi ìfojúsùn 9 ni ó sì fi ń ṣọdẹ, ṣùgbọ́n mílíọ̀nù píksẹ́lì 21 rẹ̀ a máa fi ìlà ojú àgbà hàn bí ẹni pé kí a fọwọ́ kàn án. Ó tún ń ya sinimá, èyí tí D700 kò lè ṣe.

Ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, ni ọwọ́ fi ń mọ́: ìdíje wọn ni ó sọ iṣẹ́ ńlá di ohun tí ọwọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn lè tó. Mo júbà fún àwọn méjèèjì.